Mo Túmọ̀ Ohun Tí Mi Ò Gbọ́

Ẹ̀yin tí etí yín ń ṣọyún, ẹ̀yin tí nǹkan ń kùn hùn-ún nínú etí yín tí ẹ ń sọ pé ìdọ̀tí lásán ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ tèmi. Màmá Dúpẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Iléṣà ni wọ́n bí mi sí, Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni mò ń gbé, abọ́ ni mo sì ń tà ní Ọjà Ọba. Ó tó bí ọdún kan gbáko tí mo fi ń dìde láàárín ìjọ, tí mò ń túmọ̀ èdè àjèjì tí àwọn ará ń fọ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò gbọ́ ẹyọ kan nínú ohun tó ń jáde lẹ́nu wọn. Etí mi ti di. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, kó yáa rín in níbí, torí ohun tó wà níwájú kì í ṣe ohun ẹ̀rín.

Ẹ má sì rò pé onírọ́ ni mí láti ilẹ̀. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni ìyá mi tọ́ wa dàgbà sí ní Iléṣà, a kì í pariwo níbẹ̀. Ìgbà tí mo lọ́kọ wá sí Òṣogbo ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ mi lọ sí ìjọ kékeré kan lẹ́yìn ilé wa, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè àjèjì gbàdúrà. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀rù bà mí, mo fẹ́ sá jáde. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tí arábìnrin kan ń fọ̀, tí ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣàdédé ń ru sókè láyà mi. Mi ò ronú ẹ̀, mi ò wá a. Mo dìde, mo sọ ọ́. Arábìnrin náà bú sẹ́kún, ó ní ohun tí òun ti ń bá Ọlọ́run sọ láti bí oṣù mẹ́ta nìyẹn, òun ò sì sọ fún ọkọ òun pàápàá. Ọlọ́run rí mi, ti ọjọ́ yẹn kì í ṣe irọ́.

Látìgbà yẹn ni wọ́n ti fún mi ní àga níwájú. Pásítọ̀ wa ò gba gbẹ̀rẹ́ rárá: bí kò bá sí olùtúmọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọ èdè sókè nínú ìsìn, kó máa bá Ọlọ́run sọ ọ́ jẹ́ẹ́ nínú ara rẹ̀. Nítorí náà, bí mi ò bá sí níbẹ̀, gbogbo ìjọ á kàn jókòó ni. Ẹ ò mọ bí ìyẹn ṣe ń dùn mọ́ ènìyàn. Èmi tí mò ń jà sí ẹ̀dínwó abọ́ láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé, bó bá di Sunday, àwọn àgbà ọkùnrin á dákẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀.

Àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Etí òsì ló kọ́kọ́ ń yún mi. Mo ń fi ìyẹ́ adìẹ họ ọ́, bí mi ò bá rí ìyẹ́ adìẹ, ìdérí báírò ọmọ mi ni mo máa ń kì bọ̀ ọ́. Ó ń dùn mọ́ mi, ẹ ò rí i. Nígbà tó yá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́, lẹ́yìn omi ó di ọyún, ọyún náà sì ń rùn. Mo ń fi òwú dí i, mo ń wé gèlè bò ó mọ́lẹ̀. Ariwo wá wọ inú rẹ̀, hùn-ún, hùn-ún, tọ̀sán tòru. Kò pẹ́ tí etí ọ̀tún náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í di. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ kí n mú nǹkan nílẹ̀, òòyì á kọ́ mi.

Àwa tí à ń ta tánganran, bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá abọ́ ti sán, èékánná la fi ń ta á létí. Èyí tó dáa á dún gooro, èyí tó ti sán á kàn dún pọ́. Lọ́jọ́ kan mo já ẹrù tuntun, mo ta àkọ́kọ́, kò dún. Mo ta ìkejì, kò dún. Mo ta bíi mẹ́wàá. Inú bí mi, mo ní ẹni tó kó ọjà fún mi ti bà mí jẹ́. Alhája tí ìsọ̀ wa jọ kángun síra, ọmọ Òṣogbo gan-an, tó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Òṣómàáló ni mí torí pé Ìjẹ̀ṣà ni mí, ó gba abọ́ kan lọ́wọ́ mi. Ó ta á. Ó wo ojú mi. Ó tún un ta, ó gbé e sún mọ́ etí mi ọ̀tún.

Ó ní, "Òṣómàáló, abọ́ ò sán o. Kí ló ṣe ẹ́ létí?"

Mo ní kò sí nǹkan kan, ìdọ̀tí ni. Mo gba abọ́ mi padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ojú gbọ́ràn. Oníbàárà tó bá ná ọjà, ìka ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò. Etí ọ̀tún ṣì ń gbọ́ díẹ̀ bí ènìyàn bá sún mọ́ mi tó sì gbóhùn sókè, nítorí náà mo rí i dájú pé ọkọ mi wà ní ọwọ́ ọ̀tún nígbà gbogbo. Tó bá ti òsì pè mí tí mi ò dáhùn, á ní, "Ṣé o ti ń bá mi ṣe kèéta ni, ìyá Dúpẹ́?" Mo máa ń jẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀. Ó sàn kó rò pé mò ń bínú ju kó mọ̀ pé mi ò gbọ́ lọ.

Nínú ìjọ ńkọ́? Yéè! Ibẹ̀ gan-an ló ti rọ̀ mí lọ́rùn jù. Pẹ̀lú àtẹ́wọ́ àti ìlù, mi ò lè gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹni tí ẹ̀mí bá bà lé á na ọwọ́ sókè, ẹnu rẹ̀ á máa yára, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀, àwọn ará á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá rẹ ọwọ́ sílẹ̀, èmi á dìde, màá di ojú, màá ní, "Báyìí ni Olúwa wí." Ta ló fẹ́ já mi nírọ́? Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè ọ̀hún. Mo máa ń dúró kí ọ̀rọ̀ ru sókè láyà mi bíi ti àkọ́kọ́. Nígbà tí kò ru mọ́, mo ń sọ èyí tí mo mọ̀ pé yóò tù wọ́n nínú: ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ má mira, mo wà pẹ̀lú yín. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn ṣì ń bà mí lẹ́rù títí di ìsinsìnyí tí mò ń kọ ọ́.

Ìyá mi nìkan ni mo sọ fún, nígbà tí mo lọ kí i ní Iléṣà. Ó gbé àdí kaná, ó ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó sì dà á sí mi létí gbígbóná. Igbe tí mo ké lọ́jọ́ náà, àwọn ará àdúgbò sáré wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní omi ìgbín ni. A ṣe omi ìgbín. Mo tún ń kán òróró àdúrà Pásítọ̀ sí i ní òròòwúrọ̀; mo sọ fún un pé fún orí fífọ́ ni. Gbogbo ẹ̀ ń pò pọ̀ nínú ibẹ̀, ó ń ràn. Alhája nìkan ló ń tẹnu mọ́ ọn pé kí n lọ sí ọsibítù. Èmi ní wọ́n á sọ fún mi pé adití ni mí, ọ̀rọ̀ á sì jáde. Ó ní, "Wàláhì, etí tó ń rùn báyìí ti sọ fún gbogbo ọjà tán."

Ó wá di Sunday kan. Sístà Ṣadé, ọ̀dọ́bìnrin tó máa ń fọ èdè jù nínú ìjọ wa, pẹ́ kó tó dé. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló gbà wọlé, ó pọn ọmọ rẹ̀ obìnrin, Àánú, ọmọ ọdún mẹ́ta. Mo rí i tó dúró láàárín àga. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ẹnu rẹ̀ ń yára, omi ń dà lójú rẹ̀. Àwọn onílù dáwọ́ dúró. Gbogbo ènìyàn dákẹ́, àwọn kan sì dìde dúró, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe bí ẹ̀mí bá sọ̀kalẹ̀.

Mo dìde. Mo di ojú. Mo ní, "Báyìí ni Olúwa wí: ẹ jókòó. Ẹ dúró jẹ́ẹ́. Ẹ má sá síhìn-ín sá sọ́hùn-ún. Mo wà níbí, mo ti ṣe é parí."

Nígbà tí mo la ojú, gbogbo wọn ti jókòó. Pásítọ̀ ti gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí, wọ́n ń kọrin. Inú mi dùn. Mo rò pé ìsìn náà wọ̀ wọ́n lára ni.

Nígbà tí a délé, ọkọ mi jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún mi, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, láti òní lọ, mo bẹ̀rù rẹ. Ọmọ ń ṣe gìrì lẹ́yìn ìyá rẹ̀, Ṣadé ń ké pé ká gba òun, pé Àánú ń kú lọ, gbogbo wa ti dìde ká gbé e lọ sí ọsibítù. O ní Olúwa ní ká jókòó. A jókòó, gìrì náà sì dá!"

Ẹ gbà mí! Mo ń wo ẹnu ọkọ mi bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ṣadé ò fọ èdè kankan. Yorùbá ni ó ń sọ. Ọmọ rẹ̀ ń kú lọ, ó ń bẹ̀ wá, èmi sì dìde, mo fi orúkọ Ọlọ́run dá gbogbo ọwọ́ tó fẹ́ gbà á dúró. Mo fi gèlè bojú níwájú ọkọ mi. Ó rò pé ẹ̀mí ló ṣì wà lára mi, ó rọra dìde, ó fi mí sílẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ jù nìyí, mi ò ní fi pamọ́ fún yín: mi ò sọ ọ́. Ọjọ́ Ajé mo dákẹ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo dákẹ́. Mo ń sọ fún ara mi pé ọmọ ti sàn, kí ni mo tún fẹ́ da omi rú fún? Àwọn ènìyàn ń wá kí mi ní ìsọ̀, wọ́n ń kúnlẹ̀, èmi náà ń gba ìkíni. Ẹ̀yìn etí mi ti wú, kò ṣeé fọwọ́ kàn, ibà ń ṣe mí.

Láàárọ̀ ọjọ́rú, mo gbé dígí láti wé gèlè. Ẹnu mi ti wọ́ sápá kan. Mo gbìyànjú láti tọ́ ọ, kò tọ́. Ojú òsì mi ò sì ṣeé dì mọ́. Mo ń wo ara mi nínú dígí, mi ò tíì ké tán tí mo fi rí i nínú dígí pé ilẹ̀kùn ṣí. Ṣadé ni. Ó pọn Àánú, ó kúnlẹ̀ níwájú mi. Mo fa ọwọ́ rẹ̀ sún mọ́ ọ̀tún mi.

Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Láti Sunday ni ara rẹ̀ ti ń gbóná. Kò jẹun, kò lè tẹ orí wálẹ̀, ọrùn rẹ̀ le. Bàbá rẹ̀ ní ká lọ sí ọsibítù, mo ní rárá, Olúwa ní ká dúró jẹ́ẹ́. Mo ti dúró jẹ́ẹ́ láti ọjọ́ yẹn, Màmá. Ẹ bá mi bi Olúwa, ṣé kí n ṣì dúró?"

Ọlọ́run mi! Ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó ti ọmọ tó ń jóná nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ òtítọ́, mo tán nínú ìjọ náà nìyẹn. Mo tún wo ọmọ ọ̀hún, ojú rẹ̀ ti yí sókè.

Mo ní, "Ṣadé, mi ò gbọ́ ọ. Adití ni mí. Lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé èdè lò ń fọ̀ ni, àpò ara mi ni mo ti mú ọ̀rọ̀ yẹn jáde. Ọlọ́run ò rán mi. Dìde, ká gbé ọmọ yìí lọ!"

Ó wo ẹnu mi tó ti wọ́. Nígbà tó yá, ó bú mi. Mi ò gbọ́ gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i, ó sì yẹ mí. Lẹ́yìn náà ó di apá mi mú, a sáré jáde.

Epo wọ́n nígbà náà, ọkọ̀ ò pọ̀. Ẹsẹ̀ la fi rìn títí dé ẹ̀bá Old Garage ká tó rí takisí. Ní ọsibítù, wọ́n gba Àánú wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Dókítà ní kòkòrò ti wọ inú awọ tó bo ọpọlọ. Ó bi Ṣadé pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, kí ló sì dá a dúró sílé? Ṣadé yíjú sí mi. Èmi ni mo dá dókítà lóhùn, mo sì sọ gbogbo ẹ̀ níwájú àwọn nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ni dókítà ní kí n tú gèlè mi. Nígbà tó rí ẹ̀yìn etí mi, ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà ń kú lọ."

Ọsibítù ńlá kan ní Iléṣà ni wọ́n kọ̀wé pé kí n lọ, pé dókítà tó ń tọ́jú etí wà níbẹ̀. Mo bá àwọn ènìyàn lórí ìlà, à ń fi ìdí wọ́ lórí bẹ́ǹṣì láti agogo méje. Nọ́ọ̀sì pe orúkọ mi, mi ò gbọ́. Ó tún un pè. Ó mú káàdì mi lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìyá mi ló dìde tó pariwo pé, "Tí ó bá ń gbọ́, ṣé yóò wá bá yín níbí?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì mú mi wọlé.

Wọ́n ya fọ́tò orí mi. Dókítà ní egungun ẹ̀yìn etí ti jẹrà, ó ku díẹ̀ kó dé ọpọlọ, wọ́n gbọ́dọ̀ là á. Ìyá mi di ìró mọ́ra, ó ní wọn ò ní la orí ọmọ òun, kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ méje péré, òun mọ ewé kan. Pásítọ̀ náà wá láti Òṣogbo, ó ní kí n má yára. Ó sún mọ́ ọ̀tún mi, ó ní, "Màmá Dúpẹ́, ohun tí ẹ sọ fún Ṣadé yẹn, ẹ má tún un sọ. Ẹ máa ba ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn jẹ́." Ẹnu yà mí débi pé mo gbàgbé ìrora. Mo ní, "Pásítọ̀, ọmọ ńkọ́? Ẹ ò tíì béèrè ọmọ." Mo fi ọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ náà níṣojú rẹ̀. Ọkọ mi tó ń ránṣọ ta kẹ̀kẹ́ ìránṣọ rẹ̀ kan, Alhája kó ọjà mi tà bá mi, ìyẹn la fi san án. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí wọ́n ń fá irun mi, mi ò ní purọ́, mo sunkún bí ọmọdé.

Mo jí. Ẹnu mi padà tọ́ díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Etí òsì kú pátápátá, ọ̀tún ń gbọ́ bí wọ́n bá gbóhùn sókè. Ní Sunday tí mo padà sí ìjọ, mo dìde ní àga iwájú, mo sọ ohun tí mo ṣe fún gbogbo wọn, mo sì lọ jókòó sẹ́yìn. Àwọn kan ò kí mi mọ́. Bí ẹnì kan bá fọ èdè báyìí, mi ò ní í di ojú mi, mi ò sì ní í dìde. Mo gbà pé ẹ̀bùn náà wà, mo rí i nígbà kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí nǹkan ń ṣe lára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ipò tí ẹ wà bo àìsàn yín mọ́lẹ̀. Ẹ má da òróró sí i, ẹ má kì nǹkan bọ̀ ọ́. Etí tó ń rùn, ọsibítù ni ẹ gbé e lọ. Àìsàn mi ò mọ sí ara mi.

Àánú yè, Ọlọ́run ṣeun. Ó ń rìn, ó ń sáré, ara rẹ̀ yá gágá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́sibítù, Ṣadé pè é láti ẹ̀yìn, kò yíjú. Ó pàtẹ́wọ́, kò yíjú. Àrùn náà ti pa etí rẹ̀ méjèèjì. Mi ò mọ̀ bóyá ì bá gbọ́ràn ká ní a gbé e lọ lọ́jọ́ Sunday yẹn. Mo bi dókítà, kò dá mi lóhùn tààrà, Ṣadé náà ò sì bi mí rí.

Ilé-ìwé àwọn adití ni Àánú ń lọ báyìí. Ṣadé àti èmi la jọ ń lọ kọ́ èdè ọwọ́ lọ́dọ̀ tíṣà rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Ọwọ́ mi le, mo máa ń ṣì í, ọmọ náà á sì fi mí rẹ́rìn-ín. Tíṣà ṣàlàyé fún wa pé adití kì í fi ọwọ́ pe orúkọ ènìyàn gígùn gbọọrọ, ohun tí wọ́n bá rí lára rẹ ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Ní ti ìyá rẹ̀, Àánú fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, níbi tí Ṣadé ní ilà sí. Tíṣà fi ọwọ́ bi í pé èmi ńkọ́. Àánú wò mí díẹ̀, ó gbé ìka rẹ̀ sókè, ó sì fi kan ẹ̀yìn etí ara rẹ̀ níbi tí àpá iṣẹ́ abẹ mi wà. Orúkọ tó ń pè mí nìyẹn títí di òní.